Ọwọ́ Tí Ìbẹ̀rù Mú: Àyẹ̀wò Lámèyítọ́ lórí Yíyàn àti Títa Kókó Adìmú fún Gígun Igi

1. Ìfáárà

Ohun tí a fẹ́ ṣe nínú bébà yìí ni láti fi ojú lámèyítọ́ wo iṣẹ́ ọwọ́ kan tí ẹ̀mí ènìyàn rọ̀ mọ́, èyí ni kókó tí agungi fi ń so ara rẹ̀ mọ́ okùn. Oríṣiríṣi ni kókó tí a ń ta láwùjọ wa. Ọdẹ ń fi ojóbó mú ẹran, àgbẹ̀ ń fi okùn di ẹrù, darandaran ń so màlúù mọ́ èèkàn. Èyí tí a ń sọ níhìn-ín yàtọ̀ sí gbogbo ìwọ̀nyí. Okùn kan ni a wé mọ́ ara okùn mìíràn lọ́nà tí ó fi jẹ́ pé bí a bá gbé ìwúwo lé e, yóò dì mú gbọn-in; bí a bá sì gbé ìwúwo kúrò lórí rẹ̀, a lè fi ọwọ́ tì í sókè tàbí kí a fà á wá sísàlẹ̀. Kò sí ìṣó níbẹ̀, kò sí àtè, kò sì sí irin tí ó ní eyín. Ohun kan ṣoṣo tí ó ń dá a dúró ni pé okùn ń fi ara gbo okùn. Kókó adìmú ni a ó máa pè é nínú iṣẹ́ yìí, a ó sì máa pe okùn ńlá tí a wé e mọ́ ní okùn àgùn.

Ẹnìkan lè béèrè pé kí ni ó kan ẹ̀ka ẹ̀kọ́ èdè àti lítíréṣọ̀ nínú ọ̀rọ̀ okùn. Ìdáhùn wa ni pé iṣẹ́ lámèyítọ́ kò pin sórí ewì, ìtàn àròsọ àti eré onítàn. Níbi tí ènìyàn bá ti fi ọgbọ́n ṣe nǹkan, tí àwọn mìíràn sì ń sọ pé ó dára tàbí kò dára, lámèyítọ́ ti dé ibẹ̀. Ẹni tí ó bá ti jókòó ti àwọn aláró tàbí àwọn ahunṣọ rí mọ̀ pé wọ́n ń ṣe àríwísí iṣẹ́ ara wọn, wọ́n sì ní ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń ṣe é. Bákan náà ni ti àwọn tí ń gun igi. Wọ́n ní kókó tí wọ́n ń yìn, wọ́n sì ní èyí tí wọ́n ń bú. Ohun tí ó yẹ kí a bi wọ́n ni òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn ìyìn àti èébú náà.

Ohun méjì ni ó sún mi dé ìdí iṣẹ́ yìí. Èkíní ni pé adẹ́mu ni àbúrò bàbá mi kan, mo sì máa ń tẹ̀lé e lọ sí oko nígbà tí mo wà ní kékeré. Bí mo bá ní kí ó kọ́ mi bí a ti ń gun ọ̀pẹ, ọ̀rọ̀ kan náà ni ó máa ń sọ: "Bí ẹ̀rù bá bà ọ́, fẹ̀yìn ti igbà." Ọ̀rọ̀ náà kò yé mi. Lójú tèmi, igi ni ó yẹ kí ẹni tí ẹ̀rù ń bà dì mọ́. Èkejì ni pé, kí n tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ onípò kejì, mo bá àwọn kan tí ń fi okùn gun igi ṣiṣẹ́ fún ọdún méjì. Ẹ̀ka tí ó bá rọ̀ sórí ilé ni a máa ń gé. Ní ọjọ́ kan, ẹsẹ̀ ẹnìkan tí a jọ ń kọ́ṣẹ́ yọ̀ lórí ẹ̀ka. Kókó rẹ̀ dára, okùn rẹ̀ kò sì já. Síbẹ̀ ó ń yọ̀ bọ̀ wálẹ̀, nítorí pé ó ti fi ọwọ́ méjèèjì di kókó náà mú, kò sì fẹ́ fi í sílẹ̀. Ohun tí ọ̀gá wa ń ké láti ìsàlẹ̀ ni pé, "Fi í sílẹ̀! Fi í sílẹ̀!" Ìgbà tí ó fi í sílẹ̀ ni kókó tó dì mú, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì jìnnà sí ilẹ̀ mọ́. Ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ àbúrò bàbá mi bẹ̀rẹ̀ sí í yé mi.

Èrò tí a fẹ́ fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ nìyí: lámèyítọ́ kókó adìmú kò gbọdọ̀ dúró lórí bí kókó ṣe lágbára tó nìkan. Ìbéèrè tí ó ṣe pàtàkì jù ni ohun tí kókó náà yóò ṣe nígbà tí ọwọ́ tí ìbẹ̀rù mú bá dì í mú.

2. Ìhun kókó adìmú àti iṣẹ́ rẹ̀

Nǹkan mẹ́ta ni ó para pọ̀ di kókó adìmú: okùn àgùn, okùn tí a fi ta kókó, àti ìwúwo tí ó rọ̀ mọ́ ọn. Bí ọ̀kan nínú wọn bá yẹ̀, kò sí kókó mọ́. Okùn tí a wé lásán ni ó kù. Nígbà tí ìwúwo bá fa okùn kókó, àwọn ìyíká rẹ̀ a fún okùn àgùn. Bí wọ́n bá ti ń fún un tó ni wọ́n ṣe ń fi ara gbo ó tó, bí wọ́n bá sì ti ń fi ara gbo ó tó ni yóò ṣe ṣòro fún ìwúwo láti fà wọ́n wálẹ̀. Èyí fi hàn pé ìwúwo ara agungi, tí ì bá já a lulẹ̀, ni ó ń dá a dúró.

Euler, onímọ̀ ìṣirò ní ọ̀rúndún kejìdínlógún, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí ó ṣàlàyé bí okùn tí a wé mọ́ òpó ṣe ń gba ìwúwo. Kókó inú àlàyé náà ni pé ìyíká kọ̀ọ̀kan kì í ṣe àfikún, ìsọdipúpọ̀ ni. Bí a bá mú ìwọ̀n ìfaragbora okùn àti òpó ní 0.2, okùn tí ó yí òpó ká lẹ́ẹ̀kan lè fi agbára 1 dá nǹkan bí 3.5 dúró. Bí ó bá yí i ká lẹ́ẹ̀mejì, yóò dá nǹkan bí 12 dúró. Lẹ́ẹ̀mẹ́ta, yóò lé ní 40. Kókó adìmú ju okùn tí a wé mọ́ òpó lọ, nítorí pé okùn ni òpó tirẹ̀, ó sì ń tẹ̀ bí a bá fún un. Síbẹ̀, ìṣirò yìí jẹ́ kí a mọ ìdí tí ìyíká kan ṣoṣo tí a fi kún tàbí tí a yọ kúrò fi lè sọ kókó tí ń yọ̀ di èyí tí kò ṣeé tì mọ́.

Ọ̀nà tí a gbà so okùn náà ń kó ipa tirẹ̀. Nínú ọ̀nà tí ó ti pẹ́ jù lọ́wọ́ àwọn agungi, okùn àgùn gba orí ẹ̀ka kọjá, apá kan rẹ̀ so mọ́ ìgbànú agungi, kókó adìmú sì wà lórí apá kejì. Nítorí pé apá méjì ni ó gbé ènìyàn, ìwúwo tí ó dé orí kókó kò ju nǹkan bí ìdajì lọ. Nínú ọ̀nà kejì, a so orí okùn mọ́ igi pátápátá, agungi sì ń gun ẹyọ okùn kan. Gbogbo ìwúwo rẹ̀ ni ó dé orí kókó níhìn-ín. Kókó tí ó ṣe jẹ́jẹ́ nínú ọ̀nà kìíní lè ha gan-an nínú ọ̀nà kejì, ìdí sì nìyí tí àwọn tí ń lo ẹyọ okùn fi ń fi irin kan kún un lókè kókó láti gba díẹ̀ nínú ìwúwo náà.

Ó ku ọ̀rọ̀ títú. Bí agungi bá fẹ́ sọ̀ kalẹ̀, orí kókó ni ó ń fi ọwọ́ tẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Àwọn ìyíká òkè a dẹ̀, kókó a sì máa yọ̀. Bí ó bá gbé ọwọ́ kúrò, kókó a tún dì mú. Ọwọ́ kì í bá kókó dì mú rárá. Títú ni iṣẹ́ ọwọ́ lórí kókó. Ẹ jẹ́ kí a fi èyí sọ́kàn.

3. Orúkọ àti ẹni tí ó ni kókó

Bí a bá wo orúkọ tí àwọn kókó wọ̀nyí ń jẹ́, a ó rí i pé ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n pín sí. Àwọn kan ń jẹ́ orúkọ ènìyàn: Prusik, Blake, Distel. Àwọn kan ń jẹ́ orúkọ ibi tí wọ́n ti wá: Schwabisch ń tọ́ka sí agbègbè Swabia ní Jámánì, Valdôtain sì ń tọ́ka sí àfonífojì Aosta ní Ítálì. Orúkọ ọ̀nà kẹta ń tọ́ka sí bí okùn ti rí, gẹ́gẹ́ bí taut-line, tí í ṣe okùn tí ó le dan-in. Kò sí ọ̀kan nínú gbogbo wọn tí ó sọ ìgbà tí ó yẹ kí a lò ó fún wa.

Ọ̀rọ̀ kókó Blake yẹ fún àkíyèsí àwa tí a ń ṣiṣẹ́ lórí lítíréṣọ̀ alohùn. Ní ọdún 1994 ni Jason Blake fi kókó yìí han àwọn agungi nínú lẹ́tà tí ó kọ sí ìwé ìròyìn Arbor Age ní Amẹ́ríkà, orúkọ rẹ̀ sì mọ́ kókó náà lára. Ṣùgbọ́n Heinz Prohaska, ará Austria, ti gbé kókó kan náà jáde nínú ìwé àwọn afinimọ̀nà orí òkè ní 1981, ó sì tún gbé e jáde nínú ìwé àwọn tí ń wọ ihò ilẹ̀ ní 1990. Ẹnì kìíní kò jí i lọ́wọ́ ẹnì kejì. Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ṣe dé ibẹ̀. Ẹni tí ó bá mọ bí àlọ́ kan náà ṣe lè wà ní ìlú méjì kò ní í bẹ̀rẹ̀ ìjà lórí èyí. Ohun tí ó yẹ kí a kọ́ ni pé ìhun okùn àti àìní ènìyàn ni ó bí kókó, orúkọ sì jẹ́ ohun tí ó tẹ̀lé e. Nítorí náà, lámèyítọ́ tí ó bá ń sọ pé kókó kan dára nítorí orúkọ tí ó gbajúmọ̀, orúkọ ni ó ń yẹ̀ wò.

Bí a óò bá sọ àwọn kókó wọ̀nyí lórúkọ ní èdè wa, ìmọ̀ràn wa ni pé kí a tẹ̀lé ìṣe oríkì, kí orúkọ sọ ìwà. Iṣẹ́ èdè-ìperí tí a tẹ̀ jáde ní 1984 àti 1990 wúlò púpọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ èdè, lítíréṣọ̀ àti ọ̀nà ìkọ́ni ni ó dojú kọ. Ti iṣẹ́ ọwọ́ ṣì kù. Ẹ wo ọ̀rọ̀-ìṣe wa kan péré, èyí ni dì. A ń di ẹrù, a ń di irun, a sì ń di nǹkan mú. Kókó Valdôtain tí àwọn elédè Faransé fi kún orúkọ rẹ̀ pé ó jẹ́ tresse, èyí tí ó túmọ̀ sí irun dídì, kò ṣe àjèjì sí ọ̀rọ̀-ìṣe yìí rárá. Dídì bí irun ni ìhun rẹ̀, dídì mú ni iṣẹ́ rẹ̀. Èdè tí ó ti so ìhun àti iṣẹ́ pọ̀ báyìí kò lè sọ pé òun kò ní ọ̀rọ̀ tí òun yóò fi kọ́ ènìyàn ní kókó.

4. Yíyan kókó

Ìbéèrè tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ yìí máa ń kọ́kọ́ béèrè ni pé, "Kókó wo ni ó dára jù?" Ìbéèrè yìí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, nítorí pé kókó kan kì í dá dára. Ẹ jẹ́ kí a gbé díẹ̀ yẹ̀ wò.

Kókó Prusik, tí Karl Prusik, agunkè ará Austria, gbé jáde ní 1931, ni ó rọrùn jù láti dá mọ̀. Òbìrí okùn tín-ín-rín ni a wé mọ́ okùn àgùn lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹ́ta, tí a sì fà jáde láàrin. Apá òkè àti apá ìsàlẹ̀ rẹ̀ dọ́gba, nítorí náà ó ń dì mú yálà a fà á sókè tàbí a fà á sísàlẹ̀. Àléébù rẹ̀ ni pé bí ìwúwo bá ti jókòó lé e, ó ń ha, ó sì ń ṣòro láti tú. Ó dára fún ẹni tí ó fẹ́ kí nǹkan dúró síbì kan. Kò rọrùn fún ẹni tí yóò máa lọ tí yóò máa bọ̀ lórí igi láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́.

Kókó taut-line ni àwọn agungi fi ṣiṣẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Ìrù okùn àgùn fúnra rẹ̀ ni a fi ń ta á, kò sì bèèrè okùn mìíràn. Ṣùgbọ́n ìrù rẹ̀ máa ń rìn wọlé díẹ̀díẹ̀ bí a ti ń lò ó, bí a kò bá sì ta kókó ìdènà sí ìparí ìrù náà, ó lè tú tán lójú iṣẹ́. Kókó Blake gba ipò rẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn nítorí pé ìhun tirẹ̀ ń dúró bí a ti tò ó. Àléébù Blake wà nínú iná. Bí agungi bá sọ̀ kalẹ̀ kíákíá, ojú kan náà nínú okùn ni ó ń gba gbogbo ìgbóná. Okùn polyester ń yọ́ ní nǹkan bí ìwọ̀n 250 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Kí ó tó yọ́ tán, ojú rẹ̀ a ti máa dán bí ìgò. Okùn tí ó bá sì ti ń dán báyìí, ìwà rẹ̀ ti yí padà.

Distel, Schwabisch àti Valdôtain jẹ́ kókó tí a fi okùn kúkúrú ọ̀tọ̀ ta, tí etí rẹ̀ méjèèjì sì so mọ́ ìkọ́ irin kan náà. Èrè kan wà nínú èyí: bí okùn kókó bá gbó, òun nìkan ni a óò sọ nù, a kò ní í ge okùn àgùn. Ìyíká wọn lókè pọ̀ ju ti ìsàlẹ̀ lọ, nítorí náà ọ̀nà kan ni wọ́n ń dì mú dáadáa, wọ́n sì ń tètè tú fún ọwọ́. Valdôtain ni ó tètè ń tú jù nínú wọn. Ó ń dáhùn sí ìka méjì. Ìdí nìyí tí àwọn tí ó ti mọṣẹ́ fi fẹ́ràn rẹ̀, ìdí náà sì nìyí tí kò fi yẹ kí a kọ́kọ́ fi lé ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ ìwọ̀n. Okùn àgùn tí àwọn agungi ń lò kì í sábà kéré sí mìlímítà 11, kì í sì í sábà ju 13 lọ. Okùn kókó sì máa ń wà láàrin mìlímítà 8 sí 10. Bí okùn kókó bá ti tín-ín-rín sí i ju okùn àgùn lọ ni ó ń fún un tó. Okùn tuntun le, kì í tètè dì mú. Okùn tí a ti lò ń rọ̀. Òjò ń yí ìwà okùn padà. Ẹni tí ó sanra lè nílò ìyíká kan sí i. Ẹni tí kò tóbi lè rí i pé kókó tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń yìn kò tilẹ̀ dì òun mú. A rí i báyìí pé kí a tó lè sọ pé kókó kan dára, a ní láti sọ okùn tí ó wà lórí rẹ̀, ẹni tí ó gbé, àti ojú ọjọ́ tí ó bá a. Bí a bá sọ kókó tán tí a kò sọ ìwọ̀nyí, àbọ̀ ọ̀rọ̀ ni a sọ.

5. Títa kókó: Blake gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ

Láti dán èdè wa wò, ẹ jẹ́ kí a ta kókó Blake ní Yorùbá. Okùn àgùn ti gba orí ẹ̀ka kọjá. A ti so apá kan rẹ̀ mọ́ ìgbànú, a sì fi ìrù gígùn sílẹ̀. Ìrù yìí ni a óò fi ta kókó mọ́ apá kejì.

Mú ìrù náà, kí o yí i ká okùn àgùn lẹ́ẹ̀mejì láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, ṣùgbọ́n má fún un. Fi àtàǹpàkò há abẹ́ ìyíká méjèèjì kí àyè lè wà níbẹ̀. Tún yí i ká lẹ́ẹ̀mejì sí i lókè àwọn méjì àkọ́kọ́. Ìyíká di mẹ́rin. Fa ìrù wá sísàlẹ̀, gbé e kọjá níwájú okùn tí ó ti ìgbànú rẹ wá, kí o sì mú un gba ẹ̀yìn okùn àgùn. Yọ àtàǹpàkò, kí o ki ìrù bọ abẹ́ ìyíká méjì ìsàlẹ̀, kí ó yọ jáde láàrin ìyíká kejì àti ìkẹta. Tò ó kí ìyíká kankan má gun èkejì. Fún un. Ta kókó ìdènà sí ìparí ìrù.

Ẹ ṣàkíyèsí bí ọ̀rọ̀-ìṣe ti ṣiṣẹ́ níhìn-ín: yí ká, gbé kọjá, mú gbà, kì bọ̀, yọ jáde, tò, fún. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ipa ọ̀nà tirẹ̀, kò sì sí èyí tí a lè fi rọ́pò èkejì kí kókó má bàjẹ́. Bí a bá fi "mú gba iwájú" rọ́pò "mú gba ẹ̀yìn", ohun tí a óò rí yóò jọ Blake lójú ẹni tí kò wò ó dáadáa, ṣùgbọ́n kò ní í dì mú bí Blake. Ewu tí ó wà nínú àwòrán nìkan nìyí, nítorí pé ẹ̀yìn okùn kì í hàn nínú àwòrán iwájú. Nínú ewì, bí a bá ṣi ọ̀rọ̀ kan lò, etí ni yóò kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n. Níhìn-ín, egungun ni.

Ìpele mẹ́ta ni àwọn olùkọ́ iṣẹ́ yìí ń tẹnu mọ́: ta á, tò ó, fún un. A óò fi ìkẹrin kún un, èyí ni pé kí a dán an wò nítòsí ilẹ̀. Àwọn àgbà wa sọ pé ìsàlẹ̀ ni a ti ń gun igi. Kí agungi fi gbogbo ìwúwo rẹ̀ rọ̀ mọ́ kókó níbi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì lè kan ilẹ̀. Kí ó tú u, kí ó tún jẹ́ kí ó dì mú. Kí ó ṣe bẹ́ẹ̀ títí ọkàn rẹ̀ yóò fi balẹ̀. Kókó tí kò dáhùn nísàlẹ̀ kò ní í dáhùn lókè.

6. Igbà àti ọwọ́ tí ìbẹ̀rù mú

A wá dé ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Igbà tí akọ̀pẹ àti adẹ́mu fi ń gun ọ̀pẹ kì í ṣe kókó adìmú. Òbìrí okùn líle ni, tí ó yí igi àti ènìyàn ká pọ̀. Kò wé mọ́ okùn kankan. Ara ọ̀pẹ ni ó ń fi ara gbo. Síbẹ̀ òfin kan náà ni ó ń dá a dúró. Bí adẹ́mu bá fẹ̀yìn, igbà a le, a fún ara ọ̀pẹ, a sì dúró. Bí ó bá fẹ́ gòkè, yóò sún mọ́ igi fún ìṣẹ́jú àáyá kan, igbà a dẹ̀, a sì jù ú sókè. Lẹ́yìn náà yóò tún fẹ̀yìn, yóò sì gbé ẹsẹ̀. Gbogbo ọgbọ́n gígun ọ̀pẹ wà nínú pípààrọ̀ dídẹ̀ àti líle yìí.

Kí ni ẹni tí ìbẹ̀rù mú lórí ọ̀pẹ ń ṣe? Ó ń dì mọ́ igi. Bí ó bá ti dì mọ́ igi, igbà ti dẹ̀ nìyẹn, kò sì gbé e mọ́. Kí ni ẹni tí ìbẹ̀rù mú lórí okùn ń ṣe? Ó ń di ohun tí ó súnmọ́ ọn jù mú, èyí ni kókó. Bí ó bá ti di orí kókó mú, ó ti ń tú u. Ohun méjèèjì ń gba ènìyàn là nígbà tí ó bá fi ìwúwo rẹ̀ lé wọn lọ́wọ́, wọ́n sì ń já a sílẹ̀ nígbà tí ó bá fẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ gba ara rẹ̀ là. "Bí ẹ̀rù bá bà ọ́, fẹ̀yìn ti igbà"; "Fi í sílẹ̀!" Ọ̀rọ̀ kan náà ni àbúrò bàbá mi àti ọ̀gá wa ń sọ.

Láti ibi yìí ni a ti lè fa òṣùwọ̀n mẹ́ta yọ. Àkọ́kọ́, ǹjẹ́ kókó náà ń dì mú nígbà tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn án? Ìkejì, ǹjẹ́ ó ń tú fún ọwọ́ tí ara rẹ̀ balẹ̀? Ìkẹta, báwo ni ó ṣe ń ṣe sí ọwọ́ tí ara rẹ̀ kò balẹ̀? Ìyìn tí àwọn agungi ń fún kókó sábà máa ń dúró lórí òṣùwọ̀n kejì. Ìdí nìyí tí kókó tí ó tètè ń tú fi ń gbayì. Ṣùgbọ́n ohun tí a fi yin Valdôtain lọ́wọ́ ọ̀gá ni a óò fi bú u lọ́wọ́ ọmọ iṣẹ́. Prusik tí a ń bú pé ó ń ha kò tètè gbọ́ ti ọwọ́ tí ó ń gbọ̀n. Nítorí náà, bí olùkọ́ bá ń yan kókó fún akẹ́kọ̀ọ́, ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ni kí ó kọ́kọ́ wò, kì í ṣe ọwọ́ ara rẹ̀.

7. Àwọn àtakò

Àtakò kìíní ni pé ọwọ́ ni ó ń kọ́ kókó, kì í ṣe ọ̀rọ̀. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n òtítọ́ náà kò pé. Ọwọ́ ń kọ́ títa. Ọ̀rọ̀ ni ó ń kọ́ni ní ìdí. Ọmọ iṣẹ́ tí ó yọ̀ lọ́jọ́ náà mọ kókó ta dáadáa. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì sọ fún un ni pé ọwọ́ òun lè di ọ̀tá òun.

Àtakò kejì ni pé àwọn irin tí ń di okùn mú ti ń gba ipò kókó lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ agungi. A kò jiyàn. Ṣùgbọ́n irin wọ́n, okùn kúkúrú kò sì wọ́n. Yàtọ̀ sí èyí, ọ̀pọ̀ nínú àwọn irin náà ni ó ń tú fún ọwọ́ gẹ́gẹ́ bí kókó ti ń tú, nítorí náà ìbéèrè kẹta wa ń tẹ̀lé wọn lọ.

Àtakò kẹta ni ó wúwo jù: pé fífi igbà wé kókó adìmú lè mú kí a rò pé ọ̀nà àwọn bàbá wa ti tó. Kò tó. Igbà kò ní èkejì. Bí ó bá já, kò sí ohun mìíràn. Àwọn oníṣègùn ní orílẹ̀-èdè wa ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé jíjá láti orí ọ̀pẹ wà lára ohun tí ń ba ọ̀pá ẹ̀yìn àwọn ènìyàn jẹ́. Òfin àwọn tí ń lo okùn ni pé bí ènìyàn bá fẹ́ fi ayùn gé ẹ̀ka, ohun méjì ni kí ó so ó mọ́ igi, kí ọ̀kan má baà jẹ́ gbogbo ìrètí rẹ̀. Ẹ̀kọ́ yìí yẹ kí ó dé ọ̀dọ̀ adẹ́mu, ní èdè adẹ́mu.

8. Ìkádìí

A ti gbìyànjú láti fi hàn pé kókó adìmú kì í ṣe ohun tí a lè dá yìn tàbí kí a dá bú, nítorí pé àdéhùn ni ó jẹ́ láàrin okùn méjì àti ẹni tí ó rọ̀ mọ́ wọn. A fi hàn pé orúkọ kò sọ ìwà rẹ̀, pé èdè wa ní ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó tó láti kọ́ni ní títa rẹ̀, àti pé òṣùwọ̀n tí a sábà máa ń gbàgbé ni ti ọwọ́ tí ìbẹ̀rù mú. Iṣẹ́ tí ó kù ni kí ẹnìkan kó ọ̀rọ̀ àwọn akọ̀pẹ àti adẹ́mu jọ nípa igbà kí wọ́n tó tán nílẹ̀, kí a sì kọ ìwé kékeré kan tí ọmọ iṣẹ́ lè kà lábẹ́ igi kí ó tó gbé ẹsẹ̀ kìíní. Bí mo bá ní àǹfààní láti kọ gbólóhùn àkọ́kọ́ inú ìwé náà, ti àbúrò bàbá mi ni n óò kọ síbẹ̀.